Ṣé wọ́n á ní kí n forí balẹ̀? Ìdáhùn fún àbúrò tó ń lọ sí tẹ́ńpìlì Haeinsa

Arábìnrin kan tó ń ṣe másítà ní Daegu, ní Kòríà, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀, ohun tó wí nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa fẹ́ kó gbogbo àwa tá a jọ wà ní láàbù lọ sí tẹ́ńpìlì kan lórí òkè, Haeinsa ni wọ́n ń pè é, a ó sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ọmọ díákónì ni mí. Mo sọ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n ní kí n má dán an wò, pé wọ́n á ní kí n forí balẹ̀ fún ère, tí mo bá sì jẹ oúnjẹ wọn, oúnjẹ òrìṣà ni mo jẹ. Mo tún rí fọ́tò ibẹ̀, àmì Hitler wà lára ilé, àwọn iwin olójú ńlá sì wà lẹ́nu géètì tí wọ́n mú idà lọ́wọ́. Ṣé kí n lọ ni àbí kí n wá àwáwí? Tí mo bá sì lọ, kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀ gan-an tí mi ò lè wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?”

Àbúrò, ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí nígbà tí mo ka lẹ́tà ẹ, kì í ṣe pé mo ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi fúnra mi ni mo rántí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé Kòríà, àwọn àlejò ni mo máa ń mú káàkiri, òyìnbó, ọmọ Nàìjíríà, ẹni tó bá ṣáà ti sanwó, àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa gun òkè lọ sí tẹ́ńpìlì, ṣe ni mo ki Bíbélì kékeré bọ àpò bíi pé mo fẹ́ lọ bá ẹnì kan jà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ṣì ń lọ lọ́jọ́ Sunday títí dòní, nítorí náà ohun tó ń kọ màmá ẹ lóminú yé mi dáadáa. Tí mo bá tú ọ̀rọ̀ ẹ palẹ̀, mẹ́ta ló so kọ́ra níbẹ̀: ìforíbalẹ̀, àwọn nǹkan tójú ẹ rí nínú fọ́tò, àti pé ṣé ìrìn náà tiẹ̀ tó ìrìn. Ẹ̀kẹta yẹn ló ń wù mí sọ jù, àmọ́ mo mọ̀ pé etí ẹ ò ní sí níbẹ̀ títí màá fi yanjú àkọ́kọ́.

Kò sẹ́ni tó máa fipá mú ẹ forí balẹ̀. Mo sọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀ torí pé mi ò rí i rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ará Kòríà fúnra wọn, àwọn tí ò lẹ́sìn kankan pọ̀ láàárín wọn, Kìrìsìtẹ́nì náà sì pọ̀, tó o bá lọ lọ́jọ́ Sátidé wàá rí wọn pẹ̀lú aṣọ ìgunkè aláràbarà, wọ́n á gba inú ọgbà tẹ́ńpìlì kọjá, wọ́n á mu omi ìsun tó wà níbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á bá tiwọn lọ, kò sí mọ́ńkì (àwọn tó fi ayé wọn fún ẹ̀sìn Búdà, tí wọ́n ń gbé inú tẹ́ńpìlì) tó máa bi wọ́n pé ẹ̀sìn wo lẹ̀ ń ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé tó o bá pàdé mọ́ńkì lọ́nà, wàá pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, wàá tẹrí ba díẹ̀, òun náà á sì ṣe bẹ́ẹ̀ padà fún ẹ. Hapjang ni wọ́n ń pè é, ìkíni ni. Tó o bá ní o ò fẹ́ pa ọwọ́ pọ̀, tẹrí ba lásán, ó ti tó. Ọmọ Yorùbá, ṣé títẹrí ba fún àgbà ló máa wá ṣòro fún ẹ ni?

Ìforíbalẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè ní jeol, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé jeol yẹn náà ni orúkọ tí wọ́n ń pe tẹ́ńpìlì lẹ́nu ojúmọ́. Kì í sì í ṣe inú tẹ́ńpìlì nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ ọdún tuntun wọn, àwọn ọmọ ilé á wọ hanbok, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, wọ́n á forí balẹ̀ fún bàbá àgbà àti ìyá àgbà, àwọn yẹn á súre fún wọn, wọ́n á fún wọn lówó. Ṣé ó yàtọ̀ sí ìdọ̀bálẹ̀ tiwa? Àmọ́ mi ò ní tàn ẹ́ o. Àwọn kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń sọ fún àlejò pé àṣà lásán ni gbogbo ẹ̀, kí àlejò lè dákẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe níwájú ère Búdà nínú gbọ̀ngàn, lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n á kúnlẹ̀, tí wọ́n á fi ìgúnpá àti iwájú orí kanlẹ̀, tí wọ́n á wá ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bíi pé wọ́n ń gbé ẹyin tí ò gbọ́dọ̀ fọ́, ìjọsìn ni lójú ẹni tó gbà á gbọ́. Mọ́ńkì kan ṣàlàyé fún mi nígbà kan pé kì í ṣe igi tí wọ́n fi wúrà bò lòun ń forí balẹ̀ fún, ìgbéraga òun lòun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ inú ẹ̀ ló sọ, síbẹ̀ èmi ò tíì ṣe é rí, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kí ìwọ ṣe é tí ọkàn ẹ ò bá gbà á. Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni àbí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìyẹn ti kọjá ọwọ́ mi, pásítọ̀ ẹ ni kó o bi.

Ibi tó ti yẹ kó o la ojú ẹ ni ti sísùn mọ́jú yẹn. Templestay ni gbogbo èèyàn ń pè é, ọdún 2002 tí Kòríà àti Jàpáánì jọ gbàlejò Ife Àgbáyé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan lẹ ó jọ ṣe, ìsìn ìdájí, ìjókòó àṣàrò, nígbà míì ìforíbalẹ̀ ìgbà 108, tí wàá máa sín ìlẹ̀kẹ̀ kan sókùn fún ìforíbalẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí á fi di ẹ̀gbà ọrùn. Èkejì jẹ́ ti ìsinmi: wọ́n á fún ẹ ní yàrá, wọ́n á fún ẹ ní àwọ̀lékè àti ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á sọ aago oúnjẹ fún ẹ, ìyókù kù sí ẹ lọ́wọ́. Bi ọ̀jọ̀gbọ́n yín pé èwo ló gbà. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, sọ fún ẹni tó ń darí ètò kí ilẹ̀ tó ṣú pé o ò ní forí balẹ̀ ṣùgbọ́n wàá jókòó jẹ́jẹ́ lẹ́yìn, wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀ láìmọye ìgbà, wọ́n á fi tìmùtìmù hàn ẹ́ nígun yàrá. Òótọ́ ni pé mọ́ńkì ńlá kan tó gbé Haeinsa, Seongcheol, tó kú lọ́dún 1993, kì í gbà kéèyàn rí òun àfi kó kọ́kọ́ forí balẹ̀ ní ìgbà 3,000, bóyá ibẹ̀ ni irú ìtàn tó ń bani lẹ́rù yẹn ti ń jáde, àmọ́ àwọn tó fẹ́ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àlejò tó wá wo ilé. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún ẹ: tẹ́nì kan bá máa fúngun mọ́ ẹ, kì í ṣe mọ́ńkì, àwọn ará láàbù yín ni. Àwọn èèyàn yìí ò fẹ́ràn kí ẹnì kan ya ara ẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣe nǹkan pọ̀. Torí náà má dúró dìgbà tí tìmùtìmù bá ti wà nílẹ̀ kó o tó sọ̀rọ̀, sọ ọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n nísinsìnyí, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kó má bàa dà bíi pé o dójú tì í níwájú mọ́ńkì.

Ti àmì Hitler yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Àmì náà ti wà nínú ẹ̀sìn Búdà àti ti àwọn ará Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí bàbá Hitler tó pàdé ìyá ẹ̀. Àwọn ará Kòríà ń pè é ní man, àmì ire ni lọ́dọ̀ wọn, kódà lórí máàpù wọn òun ni wọ́n fi ń sàmì sí ibi tí tẹ́ńpìlì wà, bí wọ́n ṣe ń fi àgbélébùú sàmì sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn iwin olójú ńlá ẹ yẹn ńkọ́? Ọba mẹ́rin ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣọ́ igun ayé kan, láàárín wọn wàá rí ẹni tó mú idà, ẹni tó mú ohun èlò olókùn bíi gìtá, ẹni tó di dírágónì mú. Wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn dáadáa níbi tí wọ́n bá ti gbẹ́ wọn lérè, àwọn ẹ̀mí burúkú gan-an ló wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀lọ́pàá lo pè lólè. Ní Haeinsa, àwòrán ni tiwọn, kì í ṣe ère, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ bani lẹ́rù. Tí màmá ẹ bá wá bi ẹ́ pé ṣé kò sí nǹkan tó jọ òrìṣà rárá, má purọ́, ó wà: ní ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì orí òkè, ilé kékeré kan wà lẹ́yìn pátápátá tí wọ́n ya bàbá arúgbó kan àti ẹkùn sí, Sansin, ẹ̀mí tó ni òkè. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀sìn Búdà tó dé, wọ́n ò lé e lọ, ṣe ni wọ́n fún un ní yàrá.

Nǹkan tó yẹ kó o máa bẹ̀rù ju ère lọ ni ẹnu ọ̀nà. Gbọ̀ngàn tẹ́ńpìlì máa ń ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó wà láàárín gbùngbùn níwájú, tí ère dojú kọ, kì í ṣe tìẹ, àwọn àgbà mọ́ńkì ló ni ín. Ẹ̀gbẹ́ làlejò ń gbà wọlé. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, ní tẹ́ńpìlì kan tí mi ò ní dárúkọ, mo gba àárín wọlé gbọnmọgbọnmọ, mo tún fi ẹsẹ̀ tẹ igi àbáwọlé mọ́lẹ̀, ni ìyá arúgbó kan tó ń gbàdúrà bá dìde, kò sọ nǹkan kan, ó fi ìka méjì mú mi lápá aṣọ, ó fà mí jáde bí ẹni fa ewúrẹ́ kúrò lórí ẹ̀gẹ́, ó mú mi yí ilé náà po dé ẹ̀gbẹ́, ó nawọ́ sí bàtà mi pé kí n kọ orí ẹ̀ síta, ó wá padà síbi àdúrà ẹ̀. Ojú tì mí, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ilé onílé ni tẹ́ńpìlì. Àwọn èèyàn ń sùn níbẹ̀, wọ́n ń fọ aṣọ níbẹ̀, wọ́n ń sá ata sóòrùn. Tó o bá fi ojú ilé onílé wò ó, ìdajì àwọn òfin yẹn, bọ́ bàtà, má pariwo, má ya fọ́tò nínú gbọ̀ngàn, má wọ ibi tí wọ́n fi okùn dí, kò tún nílò àlàyé mọ́.

Wàá tún gbọ́ lẹ́nu àwọn afinimọ̀nà pé ìdí tí tẹ́ńpìlì fi wà lórí òkè ni pé àwọn ọba Joseon, ìdílé tó jọba Kòríà láyé àtijọ́, lé àwọn mọ́ńkì kúrò nílùú. Apá kan ni. Haeinsa ti wà lórí òkè Gaya láti ọdún 802, nígbà ìjọba Silla tó ṣáájú Joseon, mọ́ńkì méjì, Suneung àti Ijeong, ló dá a sílẹ̀, ìyẹn sì fi bíi ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́fà ṣáájú Joseon. Wọ́n ti ń lọ sórí òkè tẹ́lẹ̀ torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àti torí pé òkè fúnra ẹ̀ jẹ́ nǹkan ọ̀wọ̀ fún wọn. Ohun tí Joseon ṣe ni pé wọ́n fún àwọn tó wà nílùú pa, wọ́n tiẹ̀ ṣòfin pé mọ́ńkì ò gbọ́dọ̀ tẹ olú ìlú, òfin yẹn ò sì kúrò títí di 1895. Nítorí náà àwọn tó wà lókè ló kù tá à ń wò lónìí. Wọ́n á tún sọ fún ẹ pé Haeinsa wà lára tẹ́ńpìlì orí òkè méje tí UNESCO kó jọ sórí ìwé ogún àgbáyé lọ́dún 2018. Kò sí lára wọn. Tiẹ̀ ti wọlé tẹ́lẹ̀ lọ́dún 1995, torí ilé kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn pátápátá, ilé yẹn sì ni ìdáhùn ìbéèrè ẹ kẹta.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, àwọn Mọ̀ngólì ya wọ Kòríà, wọ́n sun ìwé ẹ̀sìn tí wọ́n ti gbẹ́ sára pákó tẹ́lẹ̀, lọ́dún 1232. Ààfin ti sá lọ sí erékùṣù Ganghwa. Níbẹ̀, láàárín ogun, wọ́n pinnu pé àwọn máa gbẹ́ gbogbo ẹ̀ padà, kí Búdà lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀tá. Láti 1237 sí 1248 ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ: pákó 81,258, lójú méjèèjì, lẹ́tà tó lé ní mílíọ̀nù àádọ́ta, gbogbo ẹ̀ sì ni wọ́n gbẹ́ sódì torí pé tí wọ́n bá fi yíǹkì sí i tí wọ́n tẹ ìwé mọ́ ọn ni yóò tó yí síwájú. Ó kọjá nǹkan téèyàn fi ẹnu sọ. Pákó kan gùn tó nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà, ó wúwo ju kìlógíráàmù mẹ́ta lọ, wọ́n fi bàbà de igun ẹ̀ kó má bàa lọ́, wọ́n fi oje igi kun ún. Kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ rárá, wọ́n á ti se igi náà nínú omi iyọ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, torí kòkòrò. Wọ́n gbé wọn kúrò ní Ganghwa lọ́dún 1398, Haeinsa ni wọ́n wà títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ṣì lè mú ọ̀kan, kí wọ́n tẹ ìwé jáde lára ẹ̀ lónìí, kó ṣeé kà ketekete.

Àmọ́ pákó kọ́ ló ń mú mi padà síbẹ̀, ilé tí wọ́n kó o sí ni. Ilé gígùn méjì tó dojú kọra wọn, tí ò ní ọ̀dà, tí ò ní iná, tí ò ní fáànù, fèrèsé onígi lásán tí ò ní gíláàsì. Dúró níwájú ẹ̀ kó o wo fèrèsé dáadáa: níwájú, ti ìsàlẹ̀ tóbi, ti òkè kéré, lọ sẹ́yìn, ti ìsàlẹ̀ ló kéré, ti òkè ló tóbi. Atẹ́gùn á gba ìsàlẹ̀ níwájú wọlé, á yí ká láàárín àwọn pákó, á gba òkè lẹ́yìn jáde. Wọ́n fi èédú, iyọ̀, ẹfun àti amọ̀ tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀, tí òjò bá ń rọ̀ ilẹ̀ yẹn á fa ọ̀rinrin mu, tí ọ̀dá bá dé á tu ú sílẹ̀. Ìyẹn nìkan. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba kọ́ ilé ìgbàlódé kan sítòsí ibẹ̀ pé káwọn kó pákó síbẹ̀ kó lè wà láìséwu, wọ́n kó díẹ̀ lọ dán an wò, pákó bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ni wọ́n bá sáré kó wọn padà sílé àtijọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá débi ìtàn yẹn ni àwọn ẹnjiníà tí mo bá mú lọ máa ń dákẹ́. Iná ti jó tẹ́ńpìlì yìí láìmọye ìgbà, èyí tó jó lọ́dún 1817 run ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, kò kan ilé pákó. Lọ́dún 1951, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ ogun Àríwá fara pa mọ́ sórí òkè náà, wọ́n pàṣẹ fún awakọ̀ òfuurufú kan, Kim Young-hwan, pé kó lọ ju bọ́ǹbù síbẹ̀, kò jù ú. Wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́jọ́ ẹ̀ nígbà tó padà, àmọ́ òkúta ìrántí ẹ̀ ló wà ní Haeinsa báyìí.

Ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún ẹ ni pé o ò ní wọ inú ilé yẹn bẹ́ẹ̀ yẹn o. Àlejò lásán máa ń dúró síta, á yọjú láàárín igi fèrèsé, ojú ẹ á kọ́kọ́ rí òkùnkùn, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan á wá máa rí etí àwọn pákó, ìlà lórí ìlà, dúdú, wọ́n tò bí ẹ̀yìn ìwé títí lọ, òórùn igi gbígbẹ tútù á máa fẹ́ sí ẹ lójú. Àwọn kan máa ń ní “ṣé ìyẹn náà nìyí?” Àwọn míì kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀. Láti ọdún 2021 wọ́n ti ń jẹ́ kí ìwọ̀nba èèyàn tó ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú wọlé lópin ọ̀sẹ̀, kí ọ̀jọ̀gbọ́n yín tètè wò ó lórí wẹ́ẹ̀bù tẹ́ńpìlì náà bóyá àyè ṣì wà. Fọ́tò ò sí.

Tẹ́ ẹ bá sùn síbẹ̀, ohun tó ṣeé ṣe kó o gbé lọ́kàn padà sí Daegu ni ìlù. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, àwọn mọ́ńkì á jáde sí ilé ìlù, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n ń lù níbẹ̀: ìlù ńlá fún ẹranko orí ilẹ̀, ẹja onígi tí inú ẹ̀ ṣófo fún àwọn tó ń gbé inú omi, irin pẹlẹbẹ tó rí bí ìkùukùu fún ẹyẹ, agogo ńlá fún àwọn tó ń jìyà lọ́run àpáàdì. Ìlù yẹn ga ju mọ́ńkì tó ń lù ú lọ, awọ abo màlúù ló wà lójú kan, awọ akọ lójú kejì, pé kí ohùn méjèèjì bá ara wọn mu. Mọ́ńkì á kọjú sí i, apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ẹ̀ á máa fẹ́, ọ̀pá méjì lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí ìlù, á wá máa le sí i, tó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíì á yọ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ á yọ́ jáde, ìlù ò ní já rárá. Etí Yorùbá mi ṣáà ń wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, bí ìlù tiwa ṣe ń sọ̀rọ̀, títí mo fi gbà pé kò sọ nǹkan kan. Ó ń dún ni. Ní ìdájí, nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá, mọ́ńkì kan á tún máa rìn káàkiri ọgbà, á máa lu igi kékeré kan tí wọ́n ń pè ní moktak, koo, koo, koo, kó lè jí gbogbo ilé. Yàrá yín máa gbóná láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, orí ẹní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ máa sùn, ẹni tẹ́yìn bá ń dùn kó mọ ohun tó ń ṣe.

Oúnjẹ ńkọ́. Kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí áyù, kò sí àlùbọ́sà eléwé àti gbogbo ìbátan wọn, wọ́n ní wọ́n máa ń ru ara àti ìbínú sókè. Kimchi tẹ́ńpìlì, ewébẹ̀ kíkan wọn, náà ò ní áyù, ẹ̀rù bà mí kí n tó jẹ ẹ́, àmọ́ ata wà nínú ẹ̀, o ò ní sunkún. Ìrẹsì, ọbẹ̀ sóyà, ewébẹ̀ orí òkè tí wọ́n fi òróró ẹ̀kùkù sí. Ṣé oúnjẹ òrìṣà ni? Ilé ìdáná ni oúnjẹ àlejò ti ń wá. Ìrẹsì tí wọ́n ń gbé síwájú Búdà láàárọ̀ wà lọ́tọ̀, inú abọ́ tiẹ̀ ló máa ń wà, àmọ́ èso àti àkàrà ìrẹsì tó bá ti wà lórí pẹpẹ, wọ́n lè pín in lẹ́yìn ìsìn, tọ́kàn ẹ ò bá gbà á, sọ pé o ti yó, kò sẹ́ni tó máa bínú. Tó bá jẹ́ pé abọ́ mẹ́rin tó wọnú ara wọn ni wọ́n fún yín, èyí tí wọ́n ń pè ní baru, bu ìwọ̀nba tó o lè jẹ tán, mo tún un sọ, ìwọ̀nba. Wọ́n á ní kó o fi ègé ráádìṣì kan pa mọ́, nígbà tó o bá jẹun tán wàá fi omi gbígbóná àti ègé yẹn nu abọ́ náà yí ká, wàá jẹ ráádìṣì, wàá sì mu omi yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, omi ìfọ-abọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tí mo mú lọ láti Ìbàdàn bu ìrẹsì bíi ẹni tó wá sí ìnáwó, ojú ẹ̀ ní ìparí ò ṣeé wò.

Tí gbogbo èyí bá ṣì wúwo fún ẹ, lílọ kó o sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà wà. Láti ibùdókọ̀ Seobu ní Daegu, lórí ìlà kìíní ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, bọ́ọ̀sì Haeinsa ń lọ, nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, wàá wá fi ẹsẹ̀ gun òkè díẹ̀ lẹ́bàá odò Hongnyu, tí orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí omi pupa, torí ewé ìgbà ìwọ́wé tó ń hàn nínú omi. Ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkọkànlá ló dára jù, ìgbà yẹn náà sì lèrò máa ń pọ̀ jù, lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ tó o bá lè ṣe é. Owó ìwọlé ò sí mọ́ láti May 2023. Wo aago bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, èmi pàdánù tìkẹyìn nígbà kan, mo fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan wọ tákísí. Àwọn kan á ní kó o lọ sí Bulguksa ní Gyeongju dípò ẹ̀, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ọmọ ilé ìwé ló kún ibẹ̀. Beomeosa ní Busan ló rọrùn dé jù, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ máa gbé ẹ sún mọ́ ọn. Tó bá sì jẹ́ ère ló ń dà ẹ́ láàmú ní tòótọ́, Tongdosa wà, gbọ̀ngàn ńlá tiwọn ò ní ère Búdà kankan nínú, fèrèsé ńlá ló wà níbi tó yẹ kó wà, àmọ́ kó o má bàa rò pé o ti bọ́, nǹkan tí wọ́n gbà pé ó ṣẹ́ kù lára Búdà fúnra ẹ̀ ló wà níta fèrèsé yẹn, ohun tí wọ́n ń kọjú sí nìyẹn. Tó bá jẹ́ èmi ni, Haeinsa ni màá lọ, màá sì sùn síbẹ̀, irú ti ìsinmi, màá wo pákó, màá gbọ́ ìlù, màá jókòó sẹ́yìn nígbà ìsìn tàbí kí n má wọlé rárá.

Ti màmá ẹ, má ṣe lọ lẹ́yìn wọn kó o wá máa fi fọ́tò pa mọ́ fún wọn. Ka èyí sí wọn létí, kí wọ́n gbọ́ ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú wọn náà. Tí wọ́n bá ṣì ní rárá, ìyá ẹ ni, èmi ò ní bá ẹ dá sí i, lọ lọ́sàn-án kó o padà sùn sílé ẹ. Tí wọ́n bá gbà, ra ìbọ̀sẹ̀ tuntun kó o tó lọ. Wàá bọ́ bàtà tó bí ogún ìgbà láàárín ọjọ́ méjì yẹn, èmi sì mọ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi yọ síta níwájú àgbà mọ́ńkì, tó wò ó, tó tún wò mí, tó wá rọra da tíì sínú ife mi.